Ẹkún Èrò Ọkọ̀ Òkun

Lífìtì ló máa ń jí wa láàárọ̀ nínú ilé tí a gbé ní Peckham nígbà tí mo wà ní kékeré. Ariwo rẹ̀ dà bí ti ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́gi. Bó bá ti ké, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì gbá gbìì, a mọ̀ pé Daddy ti ti ibi iṣẹ́ òru dé nìyẹn, Mummy á sì ti máa wá bàtà wọn káàkiri, nítorí ṣíífù àárọ̀ ni tiwọn, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń pàdé, ọ̀kan ń wọlé, ìkejì ń jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá gbọ́ Ìyá Àgbà ní kíṣìnì, tí wọ́n ń bá sítóòfù wí bí ọmọ aláìgbọràn. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí Daddy. Láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti wá kí wọ́n lè máa mójú tó mi bí àwọn òbí mi bá wà níbi iṣẹ́. Wọn kò gbọ́ òyìnbó ju "sọ́rì" àti "tẹ́ńkì yù" lọ, wọn kò sì rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Èmi ni ahọ́n wọn. Mo bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo bá wọn ná ẹja ní Rye Lane, mo bá wọn sọ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì pé kó rọra. Mi ò sì gbọdọ̀ gé ọ̀rọ̀ kúrú, nítorí wọ́n máa ń wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá túmọ̀ tán, wọ́n á ní, "Rìsí, ọ̀rọ̀ tó sọ gùn ju èyí lọ. Ìyókù dà?"

Ẹ má bi mí léèrè ọdún tó jẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé káńsù kò tíì wó ilé wọ̀nyẹn, pé Mummy kò tíì bí ẹlòmíràn lé mi, àti pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan gba iwájú ilẹ̀kùn gbogbo wa kọjá lókè bí afárá. Ìròyìn máa ń sọ pé ibi burúkú ni àdúgbò wa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tó ń wò ó láti inú mọ́tò. Èmi tí mo gbé ibẹ̀ mọ̀ pé láti ilẹ̀kùn wa dé ibi àtẹ̀gùn, èèyàn á gbọ́ òórùn ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, á gbọ́ ti ọṣẹ ìfọṣọ, á gbọ́ ti kọ́rì, á sì gbọ́ ohùn obìnrin tó ń ké sí ọmọ rẹ̀ pé bó bá jẹ́ kí òun sọ̀kalẹ̀ wá bá a, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Ní ọ̀sán, bí àwọn ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ òru bá ń sùn, gbogbo wa á máa yọ́ ẹsẹ̀ rìn. Ìyá Àgbà nìkan ni kì í yọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí oorun bá wù, kó fi aṣọ borí.

Ìyá Máíkù ló gbé ilẹ̀kùn kejì sí wa. Nóra ni orúkọ wọn, òyìnbó ará Áyálándì, opó tó kéré lára ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ tóbi. Máíkù ọmọ wọn ti lọ gbé ní Ọsirélíà, Ìyá Àgbà sì ní ẹni tó bímọ kì í jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ mọ́, bí wọ́n ṣe di Ìyá Máíkù lẹ́nu gbogbo wa nìyẹn. Ẹja ló fa ọ̀rẹ́ wọn. Ìyá Àgbà ń dín ẹja lọ́jọ́ kan, èéfín bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, Mummy sì ti kìlọ̀ fún wọn pé àwọn aládùúgbò á pe káńsù. A gbọ́ kó, kó, kó lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ṣí i, mo sì ti ń mú "sọ́rì" bọ̀ lẹ́nu. Ìyá Máíkù ni mo bá níbẹ̀ tí wọ́n gbé àwo òfìfo dání. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé, àwọn kò tíì gbọ́ òórùn ẹja tó wù wọ́n jẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà gba àwo náà, wọ́n kó ẹja sí i, wọ́n sì sọ fún mi pé, "Ẹni yìí, èèyàn ni." Lọ́jọ́ kejì Ìyá Máíkù dá àwo padà, pòtétò gbígbóná ló kún inú rẹ̀, bọ́tà ń yọ́ lórí rẹ̀. Ìyá Àgbà jẹ ẹ́ tán pátápátá. Wọ́n wá ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n sọ fún un pé iṣu tí kò gbó ni.

Láti ìgbà náà lọ, bí mo bá ti iléèwé dé, nídìí tábìlì kíṣìnì wa ni mo máa ń bá àwọn méjèèjì. Tíì á wà láàárín wọn. Kí n tó dé, ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà mọ̀ pé orúnkún ń dun Ìyá Máíkù, Ìyá Máíkù sì mọ̀ pé Ìyá Àgbà kò fẹ́ràn ọ̀nà tí Mummy ń gbà se ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ìtàn gidi ń dúró dè mí. Bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ti sún àga.

Iṣu tó jẹrà ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn Brídì. Ìyá Àgbà ra iṣu ní Rye Lane, òde rẹ̀ dán, wọ́n gbé e délé, wọ́n fi ọ̀bẹ là á, inú rẹ̀ dúdú, ó sì ń rùn. Wọ́n ń ṣépè fún ẹni tó tà á, Ìyá Máíkù sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, omi wà lójú wọn. Ìyá Àgbà wò mí. "Iṣu èmi ló bàjẹ́, òun ló ń sunkún?" Mo bi Ìyá Máíkù. Ìyá Máíkù ní òórùn náà ni. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n ìyá wọn àgbà sọ ọ́ fún àwọn tó bẹ́ẹ̀ tí imú àwọn fi mọ̀ ọ́n. Láyé àtijọ́, ní Áyálándì, pòtétò nìkan ni oúnjẹ mẹ̀kúnnù. Wọ́n sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, oko tutù yọ̀yọ̀. Ilẹ̀ mọ́, ewé ti dúdú. Wọ́n wa ilẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ebè ti di ẹrọ̀fọ̀, òórùn rẹ̀ sì bo ìlú láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn ń jẹ koríko.

Ìyá Àgbà fi ọ̀bẹ lélẹ̀, wọ́n jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè lé mi lórí. Àgbàdo ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ṣé wọn ò ní màlúù ni? Ìyá Máíkù ní ọkà wà, màlúù sì wà, ṣùgbọ́n ti àwọn onílẹ̀ ni, ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń san. Lójú ẹni tí ebi ń pa ni wọ́n ṣe ń kó o gba ojú ọ̀nà kọjá lọ sí etíkun, wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé e wá sí ìlú òyìnbó níbí. Ìyá Àgbà ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ní, omi òkun yí ìlú wọn ká, ẹja ńkọ́? Ìyá Máíkù ní àwọn apẹja ti ta àwọ̀n wọn láti fi ra oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ló dun Ìyá Àgbà jù, nítorí ọmọ apẹja ni wọ́n. Wọ́n mi orí títí. "Ẹni tó ta àwọ̀n rẹ̀ ti ta ọwọ́ rẹ̀," wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn, wọn kò sì ní kí n túmọ̀ èyí.

Brídì jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún ìyá tó bí ìyá àgbà Ìyá Máíkù. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà ni nígbà tí onílẹ̀ já òrùlé ilé wọn lulẹ̀, tó sì ní òun á san owó ọkọ̀ fún ẹnì kan nínú wọn kó máa lọ sí Kánádà, kí ẹnu tó ń jẹun lórí ilẹ̀ òun lè dín kù. Brídì ni wọ́n mú. Ìrìn àjò rẹ̀ lórí òkun gbà wá ní gbogbo ìgbà òtútù ọdún náà, nítorí Ìyá Àgbà kò gbà kí wọ́n sáré sọ ọ́. Gẹdú ni ọkọ̀ náà máa ń kó wá láti Kánádà. Kó má bàa padà lófìfo ni wọ́n ṣe kan pákó sínú ikùn rẹ̀ ní ìpele ìpele, tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa sùn lé e. Ìyá Àgbà fẹ́ mọ ẹni tó ń tukọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá Brídì mọ̀wẹ̀. Wọ́n ní kí n béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe gáà. Ojú tì mí, mo ní mi ò lè béèrè ìyẹn. Wọ́n ní bí mi ò bá béèrè, àwọn á béèrè fúnra wọn, wọ́n sì dìde, wọ́n ń gbá aṣọ mọ́ra láti fi ṣe àpèjúwe. Mo sáré béèrè. Ìyá Máíkù rẹ́rìn-ín títí tíì fi gba imú wọn jáde. Wọ́n ní inú korobá ni, bí ìjì bá sì ń jà, korobá a máa dànù. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ ò rí i! Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá sọ ti korobá kò tíì sọ̀tàn ọkọ̀."

Ẹyọ iná kan ló wà lókè ọkọ̀ tí gbogbo èrò fi ń dáná, títò ni wọ́n ń tò ó. Bí ìyẹ̀fun ọkà Brídì bá ti hó díẹ̀ báyìí, ẹlòmíràn á ti ní kó gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń jẹ ẹ́ ní tútù láàárín. Ìyá Àgbà á máa bá ẹni tó tì í kúrò nídìí iná jà láti Peckham níbí. Bí ìjì bá dé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn òkè mọ́ wọn lórí, wọ́n á wà nínú òkùnkùn, omi á máa ro lé wọn lára, àwọn kan á máa gbàdúrà, àwọn kan á máa kọrin. Ibà wọ inú ọkọ̀. Ẹni tó bá kú, wọ́n á rán an mọ́ aṣọ ìgbòkun, wọ́n á sì rọra jù ú sínú omi. Ní ọ̀sán tí a dé ibẹ̀, Ìyá Àgbà fa tẹ̀súbáà yọ, wọ́n ń sọ "Ìnnàlilláhi" lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìyá Máíkù náà sì mú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà tiwọn jáde. Mo jókòó sáàárín wọn, mo ń jẹ bísíkí. Mo ti lọ sí iléèwé gíga láti ìgbà náà, wọ́n ti kọ́ mi ní ìtàn ìlú oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ "ìyàn" lónìí, nídìí tábìlì yẹn ni mo máa ń bá ara mi.

Ṣé Brídì wá gúnlẹ̀? Ìyá Àgbà béèrè títí. Ìyá Máíkù ní ẹnì kan láti abúlé wọn rí i tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí erékùṣù tí wọ́n ń kó àwọn aláìsàn sí. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo rò pé Ìyá Àgbà á sunkún. Wọ́n ní rárá o, ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kò kú, ó kàn jìnnà ni. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú agídí tó yà mí lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi Brídì sínú àdúà wọn, àárín èmi àti Daddy ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ sí. Bí àwọn ìyá bá wá kí wọn láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, lẹ́nu tiwọn sì ni Brídì ti ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, tó ń yan ẹja lórí omi. Ó wù mí kí n ṣe àtúnṣe, ṣùgbọ́n ta ni mí?

Lẹ́yìn Iléyá, Ìyá Àgbà ní àwọn fẹ́ máa lọ sílé. Òrùlé ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́ ń jò, òjò sì ń bọ̀. Daddy ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ Sátidé. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Máíkù, ohùn ńlá wọn lọ sílẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, kí àwa méjèèjì wá mu tíì lọ́dọ̀ àwọn lọ́sàn-án Tọ́sìdeè, àwọn fẹ́ ṣe ohun tó yẹ fún ọ̀rẹ́ àwọn. Inú Ìyá Àgbà dùn. Wọ́n wé gèlè, wọ́n dín ẹja tó pọ̀, wọ́n gbé e sínú abọ́ tí wọ́n fi ìdérí bò.

Mo ṣì ń rí yàrá náà. Kọ́tìnì wà ní títì ní ọ̀sán gangan. Wọ́n ti fi aṣọ bo dígí. Àbẹ́là ń jó lórí tábìlì, aṣọ funfun wà lábẹ́ rẹ̀, búrẹ́dì àti kéèkì sì pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú tábà gígé nínú àwo kékeré, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í mu tábà nínú wọn. Ìyá Máíkù àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì wọ dúdú látòkè délẹ̀. Àga kan ṣófo láàárín. Wọ́n mú Ìyá Àgbà jókòó sórí rẹ̀, Ìyá Máíkù sì la ẹnu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún kan tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, àwọn méjì yòókù ń gbè é, orúkọ Ìyá Àgbà sì wà nínú rẹ̀: Sàfú, Sàfú, Sàfú. Irun ara mi dìde. Ìyá Àgbà wo àbẹ́là, wọ́n wo dígí, wọ́n wo aṣọ dúdú, wọ́n wá wò mí.

"Rìsí, ta ló kú?"

Mo bi Ìyá Máíkù. Wọ́n nu imú, wọ́n dá mi lóhùn jẹ́jẹ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí, nítorí mi ò gbọdọ̀ gé e kúrú.

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n ní ẹ̀yin ni àwọn ń ṣe é fún."

Mi ò mọ̀ pé Ìyá Àgbà lè sáré bẹ́ẹ̀. Kí n tó dìde, wọ́n ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, gèlè wọn ti yẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé abọ́ ẹja wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn wa, wọ́n fi ṣéènì há a. Wọ́n ní a kì í ṣòkú alààyè. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀ nínú ẹkún òkú kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀, ìbáà ṣe ti omi, ìbáà ṣe ti òfurufú. Wọ́n tú báàgì wọn, wọ́n ń kó aṣọ padà sínú dúrọ́ọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Daddy jí sí ariwo náà. Wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò ṣeé pààrọ̀, wọ́n ní ẹkún kì í pa èèyàn, Ọlọ́run ló ń pa, wọ́n ní kí Ìyá Àgbà ka aṣúùrá kí wọ́n sì má ṣí ilẹ̀kùn fún òyìnbó yẹn mọ́. Ìyá Àgbà ṣì ń kó aṣọ sínú dúrọ́ọ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé wọn kò jẹ ẹja. Lẹ́yìn ògiri, a kò gbọ́ ohùn Ìyá Máíkù rárá, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ń wá ìgò ìyọ̀ rẹ̀, gbogbo wa la máa ń mọ̀.

Ìsinmi iléèwé la wà. Ní àárọ̀ Fúráìdeè, mo jáde láti lọ da ilẹ̀ nù, Ìyá Máíkù sì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ dúdú àná ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ Sàfú. Wọ́n ní àṣà àwọn ni, tábà àti dígí bíbò náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé òkú. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Brídì wọkọ̀, gbogbo abúlé péjọ sí ilé wọn, wọ́n sunkún rẹ̀ bí òkú, wọ́n sì bá a jó, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn kò ní fojú kàn án mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó bí Ìyá Máíkù ṣe ṣe é fún àwọn náà nígbà tí àwọn ń wọ ọkọ̀ bọ̀ nílùú òyìnbó, àwọn kò sì rí ìyá náà mọ́. Nínú ìdílé àwọn, kò sẹ́ni tí wọ́n ṣe é fún tó padà wálé rí. Wọ́n ní, "Òkú kò lè gbọ́ bí a ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ẹni tó ń lọ lè gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kó gbọ́ ni."

Mo wọlé, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún Ìyá Àgbà, mi ò fi ẹyọ kan pamọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí. Nígbà tí Daddy ti Jímọ̀ dé, Ìyá Àgbà pè wá wá síwájú wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ Búráímọ̀, ẹ̀gbọ́n wọn, fún wa. Mo mọ orúkọ náà. Ní gbogbo ọdún Iléyá, ẹran kan máa ń wà tí wọ́n á yà sọ́tọ̀, wọ́n á ní ti Búráímọ̀ ni. Mo rò pé aládùúgbò kan ní Ẹ̀pẹ́ ni. Ó wá jẹ́ pé ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ogun Bọ́mà nígbà tí Ìyá Àgbà ṣì wà lọ́mọge. Àwọn tí wọ́n jọ lọ dé. Òun kò dé. Ìyá wọn ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sunkún rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ kírun sí i lára, kí ikú má bàa dé bá a níbi tó wà. Ìyá náà yà ẹran sọ́tọ̀ fún un títí tó fi kú, Ìyá Àgbà sì gbà á ṣe.

Wọ́n ní, "Èmi tí mo jẹ́ àbúrò ti darúgbó báyìí. Bó bá wà láyé, ì bá ti wá." Wọ́n nu ojú. "Ẹkún tí obìnrin yẹn sun lánàá ti jáde lẹ́nu, kò ṣeé gbé mì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Ó ní ẹni tó ni ín. Ẹ jẹ́ ká gbé e fún un, kí èmi lè máa lọ sílé mi ní àlàáfíà."

Daddy fẹ́ sọ ti ẹ̀sìn. Wọ́n wo ojú ìyá wọn, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ìyá Àgbà fúnra wọn ló lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Máíkù, mo tẹ̀ lé wọn, mo túmọ̀. Ìyá Máíkù gbọ́ ọ tán, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a ṣí kọ́tìnì. Àga tó wà láàárín ṣófo, ẹnikẹ́ni kò jókòó lé e. Ìyá Máíkù gbé ẹkún náà, ó sì jẹ́ ti Brídì lọ́tẹ̀ yìí, àti ti gbogbo àwọn tí wọ́n rán mọ́ aṣọ ìgbòkun. Ó wá kan Ìyá Àgbà. Ìyá Máíkù di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n wá ní, "Búráímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run kẹ́ ọ," ẹkún sì bú, ẹkún ọmọge, kì í ṣe ti arúgbó. Daddy dúró sídìí ilẹ̀kùn, wọ́n tẹ́ ọwọ́, wọ́n ń rọra ka àdúà fún òkú. Mi ò mọ Búráímọ̀, mi ò mọ Brídì, ṣùgbọ́n mo sunkún dé ibi tí mo fi ń ṣe òsúkè. Inú mi bàjẹ́, inú mi sì dùn, mo sì rí i pé inú gbogbo wọn rí bẹ́ẹ̀ náà.

Wọ́n sunkún tán, wọ́n jẹ ẹja. Ìyá Máíkù fi kásẹ́ẹ̀tì olóhùn gòjé sínú rédíò, wọ́n dìde jó: ẹsẹ̀ ń fò, ọwọ́ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ pinpin. Ìyá Àgbà wò wọ́n. Wọ́n ní kí n béèrè ẹni tó so ó lọ́wọ́. Ìyá Àgbà dìde, wọ́n kọ́ ọ̀rẹ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ju èjìká, bí wọ́n ṣe ń rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún Ìyá Máíkù sì ké ju lífìtì wa lọ. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà. Ijó kò dúró. Ní Sátidé, Ìyá Àgbà wọ ọkọ̀ òfurufú láìwo ẹ̀yìn.

Ibi tí ilé náà wà, wọ́n ti kọ́ òmíràn síbẹ̀ báyìí, ilé kúkúrú alábíríkì tó ní ọgbà kéékèèké. Mo máa ń mú àwọn ọmọ mi gba ibẹ̀ kọjá bí a bá ń ti East Dulwich bọ̀, mo máa ń nàka sókè sí òfurufú, mo máa ń ní, "Ibẹ̀ yẹn ni kíṣìnì wa." Wọ́n máa ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Mo sì máa ń gbóòórùn iṣu kí n tó rà á, ìbáà wu ẹni tó ń tà á, ìbáà máà wù ú.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wó ilé náà, nígbà òtútù tó tẹ̀ lé ìgbà tí Ìyá Àgbà lọ, Mummy bí àbúrò mi. Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́? Ta ni yóò gbé e pọ̀n? Daddy lọ sí pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sì gbé Ìyá Àgbà dé pẹ̀lú ẹja gbígbẹ tó gba báàgì méjì. Wọn kò tíì bọ́ kóòtù, wọn kò tíì wo ojú ọmọ tuntun, wọ́n ní kí n wá bá àwọn kan ilẹ̀kùn kejì. Ìyá Máíkù ṣí i. Wọ́n wo Ìyá Àgbà láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka tọ́ kóòtù ọ̀rẹ́ wọn wò, láti mọ̀ bóyá alààyè ni. Ohùn ńlá wọn kéré.

"Láti ayé Brídì ni a ti ń sunkún ẹni tó ń lọ," wọ́n ní, "ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó padà wá. Mi ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. A kò ní àṣà kankan fún un."

Mo túmọ̀ rẹ̀, mi ò gé e kúrú. Ìyá Àgbà fa kóòtù mọ́ra.

"Sọ fún un pé àwa ní in," wọ́n ní. "Kó sọ pé ẹ káàbọ̀, kó yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kó sì gbé omi tíì kaná. Òtútù ń pa mí."